Ìlà Mẹ́fà ní Samaru

Aago méjì òru. Ọyẹ́ ti gba ojú fèrèsé wọlé,
eruku jókòó sórí àwọn lẹ́tà tí mò ń tẹ̀;
mo fẹ́ ẹ dànù, ó tún padà.
Ìwé mi ti dé ojú ewé kẹtàlélógóje,
ṣùgbọ́n níbi gbogbo tó yẹ kí orúkọ ènìyàn wà
àmì ìbéèrè ló dúró:
“Gẹ́gẹ́ bí ? ti sọ.” “? àti ? kò gbà bẹ́ẹ̀.”
Bí ìyàwó tuntun tó délé ọkọ
tí wọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni hàn án.

Ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Ìrìn àkọ́kọ́, ó kọ àwọn tí mo dárúkọ sínú ìwé pélébé.
Ìkejì, akọ̀wé rẹ̀ gbé ìwé pélébé náà lọ sí àká,
ó ń wá ọdún wọn, ìlú wọn, ẹni tó tẹ̀ wọ́n jáde.
Ìkẹta, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.
Ìkẹrin ni wọ́n tó jókòó.
Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń fọwọ́ ara mi rìn ín.
Bí mo bá yí kọ́mà kan padà, ìrìn mẹ́rin.

Bàbá mi to lẹ́tà òjé ní Tudun Wada
fún ọdún mọ́kàndínlógún, lódìlódì,
ìwé Hausa, nígbà tí kò tíì gbọ́ ju ìkíni lọ.
Ìka rẹ̀ mọ ƙ yàtọ̀ sí k nínú òkùnkùn.
Ó ní, “Ìbídàpọ̀, irin ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ.”

Lálẹ́ yìí mo kọ fáìlì kékeré kan, ìlà mẹ́fà péré.
Mo ní: PDF ni kí o máa bí fún mi.
Mo ní: bí orúkọ bá yí padà, pe akọ̀wé.
Mo ní: má dúró bi mí, rìn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi fara rọ.
Mo ní: pàǹtí tí o bá dá sílẹ̀, gbá a sínú àpótí kan.
Mo ní: máa ṣọ́ mi; bí mo bá fọwọ́ kan ìwé, jí.
Ìlà kẹfà, mo gbàgbé àmì tó parí rẹ̀,
ẹ̀rọ sì fi ogójì ìṣẹ́jú bú mi.
Hindatu yíjú sí ògiri: “Ki kwanta mana.”

Mo rí àmì náà. Mo fi í síbẹ̀.
Àwọn àmì ìbéèrè bá ṣí
bí ẹyẹ tí wọ́n lé lórí ọkà bàbà.

Ó ku ẹyọ kan, ní ojú ewé ọgọ́rin.
Ẹni tó kọ́ mi pé koríko tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ọkà
kì í gbádùn ibi tí ẹ̀wà bá ti ráyè tàn
kì í ṣe ìwé. Baba Gambo ni, lẹ́yìn Giwa.
Ó fi ẹnu ọkọ́ tọ́ka sí òdòdó kékeré náà,
ó ní, “Wuta-wuta,” ó tutọ́.
Dókítà Lantana ti sọ fún mi:
“Yọ ọ́. Kò ní ọdún, kò ní olùtẹ̀wé.”

Mo ṣí àká. Olùkọ̀wé: Gambo.
Irú: ọ̀rọ̀ ẹnu. Ibi: oko rẹ̀.
Ọdún: ọdún tí òjò pẹ́.
Ẹ̀rọ kọ ìyẹn, nọ́ńbà ló ń fẹ́; mo fún un ní nọ́ńbà.
Mo fi í pamọ́, mo ká ọwọ́ mi kò.

Ó jí fúnra rẹ̀.
Ní ìrìn kẹta NEPA mú iná lọ; bátìrì gbà á mọ́ra.
Nígbà tí ojú ewé ìkẹyìn ṣí,
Gambo wà láàárín ará Jámánì kan àti ará Íńdíà kan,
lẹ́yìn F, ṣáájú H,
kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló mú un wá.

Bàbá mi yóò béèrè láàárọ̀ bóyá ìka ń dùn mí.
N óò ní rárá.
Kọ́mà kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn.